Ẹni Tó Pè É ní Àníkẹ́

Inú pálọ̀ Adétóun ni wọ́n ń kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òwò ẹrú sí, wọn kò sì gbé àga kankan kúrò níbẹ̀. Orí tábìlì oúnjẹ ni àwọn bíríkìlà ti ń po sìmẹ́ǹtì. Bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri ni pálọ̀ ń gùn sí i. Ó gba àdúgbò àwọn Àgùdà kọjá, ó yà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dé etí ọ̀sà. Adétóun jókòó sáàárín wọn, ó ń rẹ́ ilá. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ sì ti kọjá sókè òkun, ẹni tó bá ṣìnà nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn ilé yẹn.

“Màmá, ẹ kú ìjókòó o,” ni Múfútáù, ọ̀gá àwọn bíríkìlà, wí. “A fẹ́ gba yàrá yín náà mọ́ ọn.”

“Ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n bí ará ilé mi kan bá gba ibí wọlé, ẹ tètè pè mí o.”

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ kò ju oríkì rẹ̀ lọ. Àníkẹ́ ni. Àgbà ló ń fi oríkì pe ọmọ, àgbà tó kẹ́yìn nínú ìdílé rẹ̀ sì ti wọ káà ilẹ̀ sùn. Màmá ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ń wù ú kí ẹnì kan pè é ní Àníkẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí òun náà tó lọ. Ó wù ú débi pé ó máa ń fi pe ara rẹ̀ nídìí ààrò, kì í sì í dùn létí.

Wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọlé nínú agbọ̀n. Àwọn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà kí i, wọ́n ní ọ̀nà jìn, ìpẹtà sì ń yún àwọn. Ọ̀kan nínú wọn kéré, ọrùn ọwọ́ ọmọdé nìkan ló lè gbà. Àánú ìyẹn ṣe Adétóun jù. Ó bu epo pupa, ó fi pa á lára títí ó fi ń dán.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tí wọ́n kó lọ láyé ọjọ́un padà dé láti inú ọ̀sà. Omi ń kán lára wọn, ilẹ̀ kò sì tutù. Wọ́n ń wo ilà ojú àwọn bíríkìlà. Ẹni tó bá rí ilà ilé rẹ̀ a dì mọ́ onílà náà, wọn a jọ sunkún. Kódà Múfútáù rí bàbá ńlá kan. Adétóun na ọrùn títí. Kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọbìnrin kékeré kan ló wọlé kẹ́yìn, wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro. Ó dúró níwájú Adétóun, kò kúnlẹ̀, kò yẹsẹ̀.

“Àníkẹ́,” ló wí, “ṣé ìwọ nìkan ló kù nílé ni?”

Ara Adétóun gbóná. “Ọmọ ta ni ọ́? Èmi lo ń fi oríkì pè, èmi tí mo tó bí ìyá rẹ? Ó yá, kúnlẹ̀!”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kíá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ilé wa. Ó dorí kodò, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kékeré náà dìde nínú agbọ̀n, ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ dún, nítorí epo.

“Màmá, kí lẹ ṣe yìí?” Múfútáù ju búlọ́ọ̀kù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n ìyá ńlá yín nìyẹn! Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Wọn ò jẹ́ kó dàgbà ni.”

Adétóun wó lulẹ̀ lórí eékún méjèèjì. “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi pè.”

Ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà ti gbé gíláàsì dí iwájú ọmọ náà, wọ́n sì ti ń fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ yí ká. Ẹnu ọmọ náà ń lọ nínú gíláàsì. Adétóun gbé etí lé e, ó tutù. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bú sẹ́kún.

Ó jí lórí eékún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ọ̀sán ti pọ́n, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Lódìkejì ògiri náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn bíríkìlà ń lu nǹkan. Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn níta, ó ń pè é.

“Màmá! Màmá o!”

Kò gbé etí kúrò lára ògiri.