Ẹṣin Inú Koríko

Ogún ọdún ni ayàwòrán kan fi ń ya ẹṣin, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni rí pátákò rẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ó mọ orí ẹṣin yà, ó mọ ọrùn yà, ka má tíì sọ irun gọ̀gọ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan pátákò, iṣẹ́ parí. Ọ̀kan á dà bí bàtà, èkejì á dà bí ife tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ló bá dọ́gbọ́n sí i, ó ń ya koríko. Gbogbo ẹṣin rẹ̀ ló ń dúró nínú koríko tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí àpáta, ìbáà jẹ́ láàárín títì. Oníròyìn kan tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé koríko yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa ìrẹ̀lẹ̀. Ayàwòrán gé ìwé náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ojú sì ń tì í ní gbogbo ìgbà tó bá gba ibẹ̀ kọjá.

Ó fẹ́ràn ẹṣin tọkàntọkàn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé ìfẹ́ òkèèrè ni, torí kò fọwọ́ kan ẹṣin rí láyé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbádùn.

"Bàbá Ẹlẹ́ṣin!" ni obìnrin náà máa ń wí. "Adìyẹ ará ilé kejì kàn gbọn ìyẹ́ lásán ni, ẹ ti sá wọlé."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú ẹṣin wá bá a níbi iṣẹ́. Abo ẹṣin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọdún méjìdínlógún sì rèé. Ẹni tó ni ín ti fi í fún ìbátan rẹ̀ kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn, Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e.

"Mi ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan," ni bàbá náà wí. "Ẹ bá mi yà á, kí n lè máa rí i."

Ayàwòrán tẹ̀ lé e lọ sí ilé ẹṣin, ó dúró sí ẹ̀yìn ọgbà, ó fi bí ẹsẹ̀ bàtà ogún jìnnà sí ewu, ó sì ya ohun tó yà. Ní Ọjọ́rú, ó gbé àwòrán dé. Bàbá náà wò ó títí.

"Ó dára o. Ó rẹwà gan-an." Ó wá sún mọ́ ọn, ó ń wo ìsàlẹ̀ àwòrán bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jábọ́. "Ọ̀gá ayàwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Ó wà nínú koríko, bàbá."

"Koríko wo? Ṣebí sìmẹ́ńtì la dà síbí."

Ayàwòrán wo ilẹ̀, sìmẹ́ńtì ni lóòótọ́.

"Ojú rẹ̀, àwọn tó ń gùn ún ló ń wò ó," ni bàbá náà wí. "Èmi, ìsàlẹ̀ ni mo wà. Àràárọ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá ha ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo mọ̀."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ti ayàwòrán tiẹ̀ pé ogún géérégé. Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ inú ìwé ìròyìn yẹn ti dé ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n omi lé ròrò lójú bàbá náà, kò lè sọ ọ́.

"Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n yà ni. Mi ò fọwọ́ kan ẹṣin rí. Ẹ̀rù wọn ń bà mí."

Bàbá náà wò ó bí ẹni tó pàdé alásè tí kì í jẹun. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọgbà.

"Wọlé," ló wí, kò rántí pè é ní ọ̀gá mọ́. "Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Na ọwọ́ rẹ méjèèjì."

Ayàwòrán wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá náà fọwọ́ ra ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì wálẹ̀, ó tẹ ibì kan, ẹṣin gbé ẹsẹ̀, bàbá sì gbé e lé ayàwòrán lọ́wọ́. Ó wúwo. Ó gbóná díẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkúta ló rò pé òun máa bá. Ó rí ibi tó rọ̀ láàárín rẹ̀, ó rí ibi tó là létí. Ibi tó ti ń wò ó ni ẹṣin náà ti gbé ara lé e, ayàwòrán sì jókòó pẹ̀ẹ̀ sínú ìdọ̀tí. Wọ́n ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Òun kò tíì gùn ún tó fi dé ilẹ̀. Ẹṣin gbóòórùn orí rẹ̀, kò rí nǹkan gidi níbẹ̀, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Ayàwòrán ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, torí ó fẹ́ràn ẹṣin yìí ju gbogbo èyí tó ti yà lọ.

Orí ìjókòó ilẹ̀ yẹn ló ti yàwòrán ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì. Pátákò àkọ́kọ́ dà bí ìkòkò. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀keje, ó di pátákò. Kò ya orí, kò ya gọ̀gọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí sìmẹ́ńtì ló yà, pẹ̀lú ibi tó là, láìsí koríko kankan.

Ní Sátidé, wọ́n wá gbé ẹṣin lọ. Bàbá náà kò dúró kí ọkọ̀ yí kọ́nà, ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá yàrá tó ti ṣófo. Ayàwòrán gbé àwòrán sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló yà síbẹ̀. Ó wo gbogbo ògiri, kò rí àwòrán rẹ̀. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú, ó tọ́ sí òun.

"Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò," ni bàbá náà wí.

Ó ti kàn án mọ́ ògiri yàrá ẹṣin náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bàbá náà lóṣòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ pátákò òsì iwájú, bí ẹni tó fẹ́ gbé e. Ayàwòrán lóṣòó tì í. Ó fẹ́ sọ fún un pé ọwọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà pẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, torí ọ̀sẹ̀ kan péré, ọwọ́ bàbá ti ń ṣí ọ̀dà ibẹ̀ kúrò.