Orúkọ Tí Ìyàwó Ń Pè Ní Ìdájí

"Wọ́n ní ìyàwó kékeré Àyúbà yẹn... ẹ jẹ́ n dákẹ́."

"Dákẹ́ kẹ̀? O ti la ẹnu!"

"Ní ìdájí ni o. Lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ó ká ọwọ́ sókè, ó wá ń pe Ràbí... tòun ti orúkọ ìyá tó bí Ràbí lọ́mọ... Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe gbéra létí odò, tó yà níbi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́. Nígbà tí yóò fi dé ìdí àgbada gàrí tí Ràbí, ìyàwó àgbà Àyúbà, jókòó sí ní Ìkòsí, ó ti hu ìyẹ́. Ìyá Sàláwù, aládùúgbò wọn, ló wá sọ ọ́ sí i létí, tó ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó jí adìyẹ gbé.

Ọwọ́ Ràbí dúró lórí gàrí. Ẹ kúkú mọ̀ pé a kì í fi orúkọ ìyá ẹni ṣeré nínú àdúrà. Ẹni tó bá pe èèyàn lọ́mọ ìyá rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣi ilé yà ni. Bó bá jẹ́ ìre, yóò dé ọ̀dọ̀ olúwarẹ̀. Bó bá jẹ́ èpè, yóò dé bákan náà. Ìyáálé wo ló sì máa kọ́kọ́ rò pé ìre ni ìyàwó òun ń tọrọ fún òun?

Ohun tó wá da orí Ràbí rú ni pé ìyàwó yìí ti yí padà. Nígbà tí wọ́n gbé Sìlífátù wá láti Ajégúnlẹ̀, bí Ràbí bá sọ òkò ọ̀rọ̀ kan, méjì ló fi ń dá a padà. "Ìyáálé mi, ẹ lọ fọ ẹnu yín ná kẹ́ ẹ tó bú mi!" Adìyẹ àgbàlá pàápàá a máa sá fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìyàwó kò fèsì mọ́. Yóò tẹrí ba, yóò máa gbọ́. Lọ́jọ́ kan, Ràbí ń bú u lọ ràì, ó ti dé orí àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n ń bá ẹja du ilé nígbà ìkún omi, ni ìyàwó bá gbójú sókè.

"Ìyáálé mi, ṣé ẹ ti jẹun láti àárọ̀?"

Ràbí kò tíì jẹun. Látìgbà náà ló ti ń rò ó: irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ológbò tó dákẹ́ létí ihò, ṣé oorun ló ń sùn?

Ó gbé ọ̀rọ̀ tọ ọkọ wọn lọ. Àyúbà, tí ariwo kì í bá lára mu, ní bí àwọn bá ti kírun Jímọ̀ tán, kí gbogbo ilé jókòó. "Bí kò bá lè sọ ohun tó fi orúkọ rẹ ṣe, yóò padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ igi ìṣin. Ìyá Àgbà, tó bí Àyúbà, wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Ṣé lóòótọ́ lo pe orúkọ ìyáálé rẹ?" Àyúbà bèèrè.

Sìlífátù kúnlẹ̀. "Mo pè é, baálé mi."

"Tòun ti orúkọ ìyá rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá Sàláwù, tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè, pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí nǹkan!"

"Kí lo wá tọrọ?"

Ìyàwó wo Ràbí, ó wolẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run. Bí mo bá sọ ọ́ níwájú èrò, ojú á ti ẹni tí kò yẹ kó tì."

"Lọ di ẹrù rẹ," ni Àyúbà wí.

Ìyàwó dìde. Kò sunkún, kò ṣépè. Ràbí ti rò pé inú òun yóò dùn, àmọ́ kò mọ ohun tó ń ṣe òun mọ́. Sìlífátù àtijọ́ ì bá ti bú gbogbo agboolé kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó, bú mi!" ló jábọ́ lẹ́nu Ràbí lójijì. "Bú mi bó o ti máa ń ṣe, kí n lè mọ ibi tí mo wà!"

Sìlífátù la ẹnu. Ó pa á dé.

Ìyá Àgbà ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ sọ́wọ́. "Àyúbà, ibi tí ọmọ yìí ti ń ṣe àlùwàlá ní ìdájí, ibẹ̀ lèmi náà ti ń ṣe é. Mi ò kì í gbé àdúrà ẹlòmíràn kiri. Ṣùgbọ́n ẹrù tó o ní kó dì yìí ti wúwo jù. Ẹni tó gbọ́ orúkọ, ó sá lọ. Èmi jókòó ti bùtá mi títí dé àmín."

"Kí ló sọ, Ìyá?" Ohùn Ràbí kò jọ tirẹ̀ mọ́.

Ìyá Àgbà ká ọwọ́ méjèèjì sókè gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ti í ká a. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀:

"'Ọlọ́run, ìyáálé mi, Ràbíátù ọmọ Àwẹ̀ró, wọn yóò bú mi lónìí. Mi ò ní kí o pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹnu tèmi ni kí o bá mi dì mú, nítorí ó burú ju tiwọn lọ. Jẹ́ kí n gbọ́ wọn tán. Jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ebi ló ń pa wọ́n, tàbí ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, tàbí èmi gan-an ni. Bó bá jẹ́ èmi ni, tún mi ṣe. Àmín.'"