Ẹsẹ̀ Ẹni Kẹta

“Ta ló tẹ̀ka sí i?” Sewanu béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Dúrósinmí, ọmọ inṣọ́ránsì tó wá láti Èkó, fi bírò tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí àmì àtàǹpàkò kan wà. Ìwé àgọ́ ọlọ́pàá ni. Ìlà mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀: pé ẹbí Sewanu ti gba ẹ̀bẹ̀ Alhaji Abdulhameed, pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó gbá Sewanu ní Ajara ti parí, pé kò sí ẹjọ́ mọ́.

Sewanu yíjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Daa Dosu, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá náà ń wo àgbàlá bí ẹni pé ewúrẹ́ tó wà níbẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀.

“Daa, ẹ̀yin ni?”

“Èmi ni. Ṣé kí n wá sẹ́ ni?” Bàbá gbójú padà. “Ọjọ́ kẹta tí o wà lọ́sibítù ni wọ́n dé. Àgbà márùn-ún, Sewanu! Alhaji fúnra rẹ̀, tòun ti agbádá funfun, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Kí n ní kí wọ́n sùn síbẹ̀?”

“Kí ẹ ní kí wọ́n dìde. Ìyẹn ò ní kí ẹ tẹ̀ka síwèé.”

“Ọlọ́pàá ló ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá gba ẹ̀bẹ̀ ti gbà á nìyẹn. A kì í gba ẹ̀bẹ̀ lábọ̀.”

“Ẹsẹ̀ ta ni?” Sewanu jágbe. Ewúrẹ́ sá kúrò lágbàlá. “Mo ní, ẹsẹ̀ ta ni?”

Ẹsẹ̀ náà nà síwájú rẹ̀ lórí àpótí, ojúgun rẹ̀ ti wọ́. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún egungun náà fọ́, kí wọ́n fi irin tò ó, kí oṣù yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bó ṣe wọ́ yẹn ló máa wà títí ayé. Iṣẹ́ Sewanu ni kó máa tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe fún àwọn tó ń ná erékùṣù Gberefu. Ẹni tó bá fẹ́ fa okùn ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ tó ń mì ní láti fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀ gírígírí kó tó fà á. Ẹsẹ̀ wíwọ́ yóò sọ ọ́ sínú ọ̀sà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Dúrósinmí wúkọ́. “Ẹ má bínú, sà. Ilé iṣẹ́ wa ò ní kí ẹ má rí nǹkan kan. Owó ọsibítù tí ẹ ti san, a óò dá a padà. Ẹ kàn fọwọ́ sí ìwé ìtúsílẹ̀ yìí kí Jímọ̀ tó parí, nítorí lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa pa fáìlì yín dé. Ọ̀rọ̀ ti parí tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà rí i. Àánú la kàn ń ṣe.”

“Àánú!” Sewanu gba ìwé náà. “Padà wá ní Jímọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọ̀pá méjì tó ń tì sábẹ́ apá rìn dé ilé Yéjídé, akọ̀wé kọ́ọ̀tù tí wọ́n jọ ṣe ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Ó nu ọwọ́, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pòṣé.

“Jókòó. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n pè ọ́ níbí? Ẹni kẹta.”

“Èmi tí ọkọ̀ gbá, èmi ni mo ṣe ẹni kẹta? Ta wá ni àkọ́kọ́, ewúrẹ́ Daa?”

“Má pariwo mọ́ mi, èmi kọ́ ni mo gbá ọ. Alhaji tó ra inṣọ́ránsì ni ẹni àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ tó tà á fún un ni ẹni kejì. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣàdéhùn. Ìwọ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí irú ẹ ni ìjọba ṣe ní kí gbogbo ọlọ́kọ̀ máa rà á. Ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ yẹn bá ṣe léṣe lójú títì, ẹni kẹta ni.”

Láti kékeré ni Sewanu kò ti lè rí ohun tó ń yí kó má béèrè ohun tó ń yí i.

“Ó dà bíi píìnì,” ó wí nígbẹ̀yìn.

“Píìnì wo?”

“Irin kékeré kan ló di abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú nísàlẹ̀ omi. Kò lágbára, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí abẹ̀bẹ̀ bá kọ lu kùkùté, píìnì á ṣẹ́, kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Inṣọ́ránsì ni píìnì Alhaji, ọdọọdún ló ń rà á. Ó wá kọ lù mí, àwọn tó tà á fún un ò fẹ́ kó ṣẹ́!”

“Ó yé ọ ju àwọn lọ́yà kan lọ. Bí o bá wá fọwọ́ sí ìwé ìtúsílẹ̀, o ti tú wọn sílẹ̀ títí láé nìyẹn. Irin tí wọ́n máa fi to egungun rẹ, gbogbo oṣù tí o ò ní ṣiṣẹ́, ìrora rẹ, o ò lè béèrè ọ̀kankan mọ́.”

“Èyí tí Daa tẹ̀ ńkọ́?”

“Ìwọ lo lẹsẹ̀. Àgbàlagbà ni ọ́, orí rẹ sì pé. Ṣé o rán an?”

“N ò rán an.”

“Bí ó bá di ẹjọ́, wàá ní láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́. Lójú Daa.”

Bó ṣe ń padà sílé, inú tó ń bí i ti di méjì: ó ń bínú sí Daa, ó sì ń bínú pé wọ́n fẹ́ kó dójú ti Daa ní gbangba.

Ní Jímọ̀, Dúrósinmí dé, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo ní ìbéèrè kan,” ni Sewanu wí. “Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí lọ́jọ́ tí Daa tẹ̀ka, kí lo tún ń wá ìfọwọ́sí mi fún?”

“Ètò ni, sà. Ètò lásán.”

“Ẹnì kan kì í fa okùn ẹ́ńjìnnì tó ti jí. Ìwọ ṣì ń fà á, o tún ń làágùn. Kò tíì jí, àbí?”

Dúrósinmí nu ojú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ rò ó dáadáa o. Ṣé ẹ fẹ́ dúró ní kọ́ọ̀tù, kí ẹ sọ fún gbogbo Badagry pé àgbà ilé yín kò tó ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún yín?”

Sewanu wo Daa. Ọ̀rọ̀ ti kún un lẹ́nu: gbogbo ohun tó ti ń rò láti ọjọ́ Ajé tí Dúrósinmí kọ́kọ́ dé, èyí tó dáa àti èyí tí kò ṣeé sọ sí àgbà. Ó ya ẹnu.

“Ọmọkùnrin, má fi mí dẹ́rù bà á.” Daa Dosu ló sọ̀rọ̀, Dúrósinmí ló sì ń wò. “Wọ́n bẹ̀ wá kí a má bínú. Mo ní a ò bínú mọ́. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí pé kí n fi ẹsẹ̀ ọmọ àbúrò mi ta wọ́n lọ́rẹ. N ò kàwé. Ohun tí ọlọ́pàá kà sí mi létí ni mo tẹ̀ka sí. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tan arúgbó jẹ nìyẹn, èmi fúnra mi ni màá sì sọ ọ́ ní kọ́ọ̀tù. Kò dìgbà tó bá sọ ọ́.”

Sewanu na ìwé náà sí Dúrósinmí bó ṣe gbà á, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Ọmọ inṣọ́ránsì kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

“Inú ṣì ń bí mi sí yín, Daa.”

“Máa bínú. Ó tọ́ sí mi.” Bàbá ti ń wá fìlà rẹ̀.

“Níbo lẹ ń lọ?”

“Ọ̀dọ̀ Alhaji. Èmi ni mo fún un lọ́rọ̀ mi. Ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ pé à ń lọ sí kọ́ọ̀tù.”

Sewanu fa ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì. “Mò ń bá yín lọ.”

Daa kì í dúró de ẹnikẹ́ni bó bá ń rìn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé etí títì ńlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré bọ̀ láti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ọ̀kan ò dẹsẹ̀ fún èkejì. Àkọ́kọ́ kọjá, Sewanu fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. Daa rí i. Ó rọra gba ẹ̀yìn Sewanu yípo, ó bọ́ sí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ó dúró níbẹ̀.