Fáànù Inú Ẹ̀rọ Amáṣọgbẹ

Ààwẹ̀ ti jẹ́ kí ojú Mọ̀núrù tó ń tún ẹ̀rọ ṣe jìn. Fáànù ẹ̀rọ amáṣọgbẹ Alàájà Àdíját ní Lafiaji kò yí mọ́, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà báyìí, súìṣì ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á pa iná.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi pákò há súìṣì yẹn kó má baà pa iná, kẹ́ ẹ lè rí ohun tó ń ṣe é.”

Ó rẹ Mọ̀núrù débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

“Alàájà, ìka mẹ́wàá ni mo bá wáyé, mẹ́wàá náà ni n ó fi ṣínu.”

Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó jókòó lé e kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tanná, ó wá fọwọ́ yí fáànù. Òwú aṣọ ló wé mọ́ ọn lọ́rùn. Ó rọra ń tú u, ó ń fi orin sààrì lé oorun.

Nígbà tó ti ilẹ̀kùn, tó tanná, ó gbọ́ tí fáànù ń hó hùù. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé e lọ.