Ibi Tí Ìrántí Ń Gbà Jò

Ètò kọ̀ǹpútà náà tún kú. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn láti àárọ̀. Ó yí fáìlì díẹ̀ padà, ìrántí kọ̀ǹpútà kún dẹ́múdẹ́mú, ni gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́. Obìnrin tó kọ ètò ọ̀hún káwọ́ lérí.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ẹ gan-an?"

Bàbá Máàpù, àgbàlagbà tó ń ya àwòrán ilẹ̀ nídìí tábìlì kejì, gbójú sókè. "Ṣé èmi lò ń bá wí?"

"Rárá, sà. Ẹ má bínú."

Iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe kò le lẹ́nu. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lọ sétí odò láràárọ̀, tí wọ́n ń wo ibi tí omi dé lára igi ìwọ̀n, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti tẹ gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ètò obìnrin yìí ló ń yí fáìlì àtijọ́ sí irú èyí tí ẹ̀rọ ìṣírò tuntun lè kà, ẹ̀rọ ìṣírò ni yóò sì sọ bí omi yóò ṣe kún tó. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Wọ́n ti fi ìdajì fáìlì, ti apá òkè odò, ṣírò, ẹ̀rọ sì ní omi kò ní dé ẹnu ilé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọ́fíìsì kò fẹ́ fọwọ́ sí i títí ìdajì yòókù yóò fi wọlé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dá.

Ohun tó tojú sú u ni pé ètò kan náà kì í jò nígbà mìíràn; jíjò ni wọ́n ń pè é tí ètò bá ń gba ìrántí láìdá a padà. Ó fi fáìlì apá òkè odò dán an wò: ìrántí dúró sójú kan, kò mì. Ó fi ti ìsàlẹ̀ odò sí i, fáìlì tí wọn ò fi nǹkan kan tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ: ìrántí ń gòkè, ó ń gòkè, títí ètò fi kú. Ó yọ apá tó ń ka déètì kúrò; ó ṣì ń jò. Ó dá a padà, ó yọ apá tó ń kọ fáìlì tuntun. Ó ṣì ń jò. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, bí ẹni pé oorun ló ń kùn ún. Nígbà tí aago méjìlá fi lù, kò mọ èyí tó ti yọ mọ́, kò mọ èyí tó ti dá padà, ó sì ti ń ṣiyèméjì bóyá òun gan-an ló kọ ètò náà.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn ní ìsàlẹ̀ odò.

"Ṣé ká máa kó ẹrù ni, àbí ká jókòó?"

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń wá ibi tó ti ń jò ni."

"Òrùlé ọ́fíìsì yín ń jò?"

"Rárá o, kọ̀ǹpútà ni."

"Odò ń kún, kọ̀ǹpútà ń jò. Ó dáa. Màmá ní kí n kí ẹ."

Obìnrin náà gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá Máàpù fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Èmi ò mọ̀ nípa nǹkan yìí o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí ni ètò yìí máa ń ṣe sí èyí tí kò bá lè kà?"

"Ó máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sà. Kí n lè padà wá wò ó."

"O sì máa ń padà wá wò ó?"

Ọwọ́ obìnrin náà ti wà lórí bọ́tìnnì. Ó ṣí ibi tí ètò ń kó àwọn èyí tí kò lè kà sí, nǹkan sì ń wọ́ jáde, ìlà lórí ìlà, kò tán. Ètò kò jò rárá. Ńṣe ló ń di nǹkan mú. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó dà bí èyí tó bàjẹ́ lójú rẹ̀ ló ń gbé pamọ́, tòun ti gbogbo fáìlì tó ti wá.

Ṣùgbọ́n wọn kò bàjẹ́. Níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà, ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀: *Igi ti rì.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e. Lọ́jọ́ tí omi bá bo igi ìwọ̀n mọ́lẹ̀, nọ́ńbà wo lẹni tó ń wọ̀n ọ́n fẹ́ kọ? Omi kì í bo igi lápá òkè; ìsàlẹ̀ ló ti máa ń bò ó.

Ó sáré wọ yàrá ọ̀gá, ó sọ ohun tó rí. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó dijú pọ̀.

"Ṣebí ẹ̀rọ ní omi ò ní débẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ò tíì rí omi tó pọ̀ rí, sà. Èmi ni mo gbé gbogbo ọjọ́ tí igi rì pamọ́ fún un."

Ọ̀gá wò ó, ó wo fèrèsé, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí fóònù.

Obìnrin náà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ máa kó ẹrù. Ẹ kọ́kọ́ gbé Màmá."

Nígbà tó padà sídìí tábìlì, kò tíì tún ètò ṣe. Ó ń ka àwọn ìlà náà. Ọdún kan wà tí ẹnì kan náà kọ *Igi ti rì* fún ọjọ́ mẹ́jọ léraléra. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó fi kún un: *Ibi tí mo lè dúró sí ni mo dúró.* Ọjọ́ kẹwàá ni nọ́ńbà tó padà wá.

Ètò ti ka ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn sí àṣìṣe mẹ́sàn-án. Òun náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀, láìwo ẹyọ kan.