Ihò Afẹ́fẹ́ Inú Gbọ̀ngàn Tuntun

Ó ti rẹ Ebenezer Ṣóbọ̀wálé, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń lé lọ. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń kọ́lé, tó sì ń tún ilé ṣe, ní ọgbà yunifásítì kan lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́. Nǹkan bí ọdún 1986 ni, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bí ẹní mu omi, tí epo náà kì í sì í sí. Gbọ̀ngàn àtijọ́ ni kò jẹ́ kó gbádùn. Gíláàsì ni wọ́n fi dí i pa, ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló sì lè mú un tutù. Bí iná bá ti lọ báyìí, inú ibẹ̀ á gbóná bí ààrò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi ìwé fẹ́ ara wọn títí olùkọ́ á fi ní kí wọ́n máa lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi bá ìgbìmọ̀ yunifásítì fà á fún gbọ̀ngàn tuntun tí kò ní í gbára lé iná. Ó bẹ̀, ó jà, ó tún bẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà, ó ní kí wọ́n dá ihò afẹ́fẹ́ sára ògiri lókè àti nísàlẹ̀, kí ooru máa bá tòkè jáde, kí atẹ́gùn tútù máa bá tìsàlẹ̀ wọlé. Ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ ó rò pé abẹ́ igi obì lẹ jókòó sí.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ fi yangàn fún Bàbá Fábíyìí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, àgbẹ̀ olóbì ní Ìpẹ̀rú. Bàbá yìí ló tọ́ ọ, òun ló rán an níwèé.

"Bàbá, a ò fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kankan níbẹ̀."

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ẹ má dá bàbá lẹ́bi. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í sọ pé òun ò ní, á ní òun ò fẹ́ ni. Ebi lè máa pa á kú lọ, á ní òun ti yó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ìkórè, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó kún fún ẹ̀rọ amúlétutù. Bàbá dìde láàrin ìjọ.

"Ọmọ mi kọ́ gbọ̀ngàn, kò rí ẹ̀rọ tútù fi sí i, ojú sì ń tì í láti sọ. Obì mi tọdún yìí ni mo fi rà wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́."

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Alága ìgbìmọ̀ yunifásítì, tí wọ́n pè wá síbi ìkórè, pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ebenezer dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

"Ẹ lọ sọ fún wọn ní kọ̀rọ̀," ni Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tí wọ́n délé.

"Kí n sọ kí ni? Pé n ò fẹ́? Ohun tí mo sọ níjọ́sí náà nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá wá síbi iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé àga fún un nínú gbọ̀ngàn, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kàmọ́rù bíríkìlà gbójú sókè wo ògiri.

"Ọ̀gá, bí a ò bá dí àwọn ihò yìí, gbogbo òtútù ẹ̀rọ á sá jáde."

Ebenezer mọ̀. Ó sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí iná bá lọ, gbọ̀ngàn yìí á di ìkejì ti àtijọ́. Inú ń bí i, kò sì rẹ́ni tó fẹ́ bínú sí. Ó ní kí wọ́n kó búlọ́ọ̀kù wá. Kàmọ́rù ti ń gun àkàbà nígbà tí Ebenezer ní kó sọ̀ kalẹ̀, Ebenezer bọ́ ẹ̀wù, ó gun òkè lọ fúnra rẹ̀. Ihò kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń dí wọn lọ.

"Ọmọ mi, ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?" ni bàbá béèrè láti ìsàlẹ̀.

Ihò tó kẹ́yìn ló kù. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ fẹ́ sí i lójú. Ó ti búlọ́ọ̀kù bọ̀ ọ́, atẹ́gùn náà dúró.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, Bàbá. Ẹ ṣeun."