Àkùkọ Nínú Ọgbà Ẹyẹ

Tàíbátù bẹ ọkọ rẹ̀ títí ẹnu fi gbẹ ẹ́. “Bàbá Hùdà, ẹyẹ la fẹ́ lọ wò. Ẹ fi àkùkọ yìí sílẹ̀ nílé ní Krofrom!”

Ṣùháíbù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kì í jẹ ẹran tí òun kò bá fọwọ́ ara òun dúńbú. Bẹ́ẹ̀ ni àkùkọ ṣe bá àgọ́ àti ẹní wọn wọ búùtù ọkọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, aṣọ́gbó wo àkùkọ, ó wo ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n lè gbé e wọlé, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ pa á. Ohun tó bá ti níyẹ̀ẹ́, ẹnìkan kì í pa á níbẹ̀. Ṣùháíbù fi èdè Twi bá a jà títí, asán ló já sí.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá tán, àkùkọ ti ń kọ. Gbogbo ẹyẹ fò pìrì lọ. Ibikíbi tí Tàíbátù bá fara pamọ́ sí láti ṣọ́ ẹyẹ, àkùkọ á tún kọ lẹ́yìn rẹ̀, torí ọkọ rẹ̀ há a mọ́ abíyá tẹ̀lé e kiri kí ẹranko má baà gbé e.

Lọ́sàn-án, gàrí ni wọ́n mu.

“Ìyá Hùdà, kò sẹ́ran ni?”

Tàíbátù pòṣé. “Ó wà lábíyá yín.”

Nígbà tí wọ́n ń jáde, aṣọ́gbó na ìwé sí wọn kí wọ́n kọ iye ẹyẹ tí wọ́n rí. Tàíbátù já bírò gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: “Ẹyọ kan. Àwa la gbé e wá.”